Ilẹ̀kùn àti Àpótí Ìbò: Ọmọ Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì, Ìṣọ̀kan Yúróòpù àti Òfin Ìdìbò Ilẹ̀ Brítéènì láti 1918

Ìfáárà

Nígbà tí àwọn onímọ̀ bá ń sọ̀rọ̀ lórí ìdìbò tí ó mú ilẹ̀ Brítéènì jáde kúrò nínú Ìṣọ̀kan Yúróòpù ní ọjọ́ 23 oṣù kẹfà ọdún 2016, ọ̀nà kan náà ni púpọ̀ nínú wọn máa ń gbà. Wọ́n a ní onílé ni ó dìbò, àlejò ni onílé dìbò lé lórí. Wọ́n a ní àwọn ọmọ onílẹ̀ rí i pé àtìpó ń pọ̀ sí i, ọ̀rọ̀ náà sú wọn, wọ́n sì fi ìwé ìbò sọ ohun tí ó wà nínú wọn. Àlàyé yìí kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n kò pé. Lára àwọn tí òfin fún ní ẹ̀tọ́ láti dìbò lọ́jọ́ náà ni àwọn àtìpó fúnra wọn wà: ọmọ Nàìjíríà, ọmọ Ghánà, ọmọ Índíà, ọmọ Jàmáíkà, tí wọn kò tíì di ọmọ ilẹ̀ Brítéènì, tí ó jẹ́ pé ìwé ìrìnnà ìlú wọn ṣì ni ó wà lọ́wọ́ wọn. Ará Póláńdì tí ó ti lo ọdún méjìlá ní Ìlú Ọba, tí ó ń san owó orí, tí ó ti bímọ síbẹ̀, kò ní ẹ̀tọ́ yìí. Akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ Ìbàdàn tí ó gúnlẹ̀ sí Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2015 ní in.

Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ wádìí ni bí irú nǹkan báyìí ti ṣe ṣẹlẹ̀. Àbá tí ó gbé kalẹ̀ ni pé, ní ilẹ̀ Brítéènì, òfin tí ó ń sọ ẹni tí ó lè wọlé àti òfin tí ó ń sọ ẹni tí ó lè dìbò kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Ìjọba amúnisìn ni ó bí òfin ìdìbò. Ìbẹ̀rù àwọ̀ dúdú, àti lẹ́yìn náà ọjà Yúróòpù, ni ó tọ́ òfin ìwọ̀lú dàgbà. Láti ọdún 1962 ni ilẹ̀kùn ti ń tì mọ́ àwọn tí àpótí ìbò ṣí sílẹ̀ fún. Láti ọdún 1973 ni ó sì ti ń ṣí fún àwọn tí àpótí ìbò tì mọ́. Ẹni tí kò bá gbé òfin méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn yóò ṣi ọ̀rọ̀ 2016 kà, yóò sì ṣi ìwádìí àwọn onímọ̀ lórí ìṣílọ kà pẹ̀lú.

Ẹni abẹ́ Ọba àti ẹni abẹ́ ààbò

Òfin ìdìbò tí Ilé Aṣòfin ilẹ̀ Brítéènì ṣe ní 1918 ni ó fi ìbò fún gbogbo ọkùnrin tí ó ti dàgbà, tí ó sì fún àwọn obìnrin kan pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ‘ọmọ Brítéènì’ ni òfin náà pe olùdìbò. Ẹni abẹ́ Ọba ni ó pè é. Bí ilẹ̀ kan ti wù kí ó jìnnà tó, bí ó bá ti jẹ́ ilẹ̀ Ọba Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ ibẹ̀ tí ó bá ń gbé Lọ́ńdọ̀nù lè forúkọ sílẹ̀ kí ó sì dìbò, níwọ̀n ìgbà tí ọjọ́ orí rẹ̀ bá pé, tí ó sì ní ibùgbé bí òfin ti wí. Ọ̀làwọ́ kọ́ ni èyí. Láyé ìgbà náà, àwọn ará ilẹ̀ amúnisìn tí ó ń gbé Brítéènì kò tó nǹkan, àwọn tí ó sì ṣe òfin náà ń ronú nípa ìbátan wọn tí ó wà ní Kánádà àti Ọsirélíà ju bí wọ́n ti ń ronú nípa ẹni tí ó ti Èkó wá lọ.

Ní ti ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀rọ̀ yìí ní ìdí kan tí ó yẹ kí a tú wò dáadáa. Èkó ti di ilẹ̀ Ọba láti oṣù kẹjọ ọdún 1861, nígbà tí wọ́n fi ìhàlẹ̀ ọkọ̀ ogun mú Ọba Dòsùmú fọwọ́ sí ìwé. Nítorí náà ẹni tí a bá bí ní Èkó jẹ́ ẹni abẹ́ Ọba. Ṣùgbọ́n Ìbàdàn, Ọ̀yọ́, Iléṣà àti Òndó kì í ṣe ilẹ̀ Ọba lójú òfin. Ilẹ̀ abẹ́ ààbò ni wọ́n. Ẹni tí a bá bí níbẹ̀ jẹ́ ẹni abẹ́ ààbò Ọba, kì í ṣe ẹni abẹ́ Ọba. Gómìnà kan náà ni ó ń ṣe àkóso àwọn méjèèjì, owó orí wọn ń lọ sí àpò ìjọba kan náà, síbẹ̀ ní ti ipò ọmọ ìlú, òfin Gẹ̀ẹ́sì kò kà wọ́n sí ohun kan náà. Nígbà tí Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́ àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí WASU, sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1925, tàbí nígbà tí wọ́n dá Ẹgbẹ́ Ọmọ Odùduwà sílẹ̀ ní ìlú kan náà ní 1945, ọmọ Èkó àti ọmọ òkè odò lè jókòó lórí àga kan náà, kí wọ́n jẹun nínú àwo kan náà, kí òfin ìdìbò sì gba ọ̀kan wọlé kí ó ti èkejì síta.

Òfin ọmọ ìlú ti 1948 kò yí èyí padà. Ó pín àwọn ẹni abẹ́ Ọba sí ọ̀nà méjì: ọmọ ìlú Brítéènì pẹ̀lú àwọn ilẹ̀ amúnisìn rẹ̀, àti ọmọ ìlú àwọn orílẹ̀-èdè tí ó ti gba òmìnira ṣùgbọ́n tí wọ́n wà nínú Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì. Ó wá sọ pé gbogbo wọn ni yóò máa jẹ́ ẹni abẹ́ Ọba tàbí ọmọ Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì, àti pé ìtumọ̀ kan náà ni orúkọ méjèèjì ní. Ẹni abẹ́ ààbò ṣì wà lóde. Ó di ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹwàá ọdún 1960 kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó yanjú. Lọ́jọ́ náà, ọmọ Ìbàdàn tí ó ń gbé Lọ́ńdọ̀nù di ọmọ Nàìjíríà. Bí ó ti di ọmọ Nàìjíríà ni ó di ọmọ Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì. Bí ó sì ti di ọmọ Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì ni ó lè dìbò ní ilẹ̀ Brítéènì. Òmìnira kúrò lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni ó fún un ní ìbò nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ìwé ìtàn tí ó ń ròyìn ọjọ́ òmìnira kì í sábà ka èyí mọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà, bẹ́ẹ̀ ó yẹ kí wọ́n kà á mọ́ ọn.

Ẹ̀tọ́ náà lágbára ju bí ènìyàn ti lè rò lọ. Áyálándì kúrò nínú Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì ní 1949, ṣùgbọ́n òfin pàtàkì kan sọ pé ọmọ rẹ̀ kì í ṣe àjèjì, ìbò rẹ̀ kò sì bọ́. Nígbà tí Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì dá Nàìjíríà dúró ní oṣù kọkànlá 1995, lẹ́yìn tí ìjọba ológun pa Ken Saro-Wiwa àti àwọn mẹ́jọ mìíràn, ìdádúró náà wà títí di 1999, ṣùgbọ́n ìbò ọmọ Nàìjíríà ní Lọ́ńdọ̀nù kò dúró fún ọjọ́ kan. Ìwé orúkọ àwọn orílẹ̀-èdè tí ó wà nínú òfin ilẹ̀ Brítéènì ni ó so ó ró, kì í ṣe ìpàdé àwọn olórí ìjọba.

Ilẹ̀kùn tí ó tì

Kò tó ọdún méjì lẹ́yìn òmìnira tí òfin ìwọ̀lú ti 1962 fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù keje. Ṣáájú rẹ̀, ọmọ Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì lè wọ ilẹ̀ Brítéènì kí ó sì ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láìgba àṣẹ. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹni tí ó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ kí ó tó gbéra nílé. Ní 1968, nígbà tí àwọn ará Éṣíà tí ó ní ìwé ìrìnnà Brítéènì ń sá kúrò ní Kẹ́ńyà, Ilé Aṣòfin fi ọjọ́ mẹ́ta péré ṣe òfin tuntun láti dí ọ̀nà mọ́ wọn. Òfin 1971 ló wá parí iṣẹ́ náà: ẹ̀tọ́ láti wọlé kí ènìyàn sì máa gbé láìbéèrè di ti ẹni tí ó ní okùn ìbí tàbí ti òbí tí ó so ó mọ́ erékùṣù Brítéènì fúnra rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀ pé àwọ̀ ni wọ́n ń wò kí ó ka òfin náà lẹ́ẹ̀kejì.

Ọjọ́ tí òfin 1971 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn fi sọ́kàn: ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1973. Ọjọ́ náà gan-an ni ìjọba Edward Heath mú Brítéènì wọ inú Ẹgbẹ́ Ọjà Yúróòpù. Ní ọjọ́ kan ṣoṣo, òṣìṣẹ́ ará Ítálì àti ará Jámánì gba ẹ̀tọ́ láti wọlé wá ṣiṣẹ́, ọmọ Nàìjíríà àti ọmọ Jàmáíkà sì pàdánù ohun tí ó kù nínú tirẹ̀. Kò sí ẹni tí ó jókòó pète pé kí ọjọ́ méjèèjì bára mu láti fi dójú ti Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n àwọn aṣòfin rí i. Ní oṣù kọkànlá 1972, àwọn kan nínú ẹgbẹ́ Heath fúnra rẹ̀ dara pọ̀ mọ́ alátakò, wọ́n sì bi ìlànà ìwọ̀lú ìjọba ṣubú. Ohun tí ó bí wọn nínú ni pé àwọn àsọ́bodè yóò máa fi ọ̀wọ̀ fún ará Yúróòpù ju ìbátan wọn láti Ọsirélíà àti New Zealand lọ. Ti ọmọ Áfíríkà kọ́ ni wọ́n ń jà.

Nínú gbogbo èyí, kò sí ẹni tí ó fọwọ́ kan òfin ìdìbò. Òfin 1983 tún kọ ọ́ sílẹ̀ ní èdè tuntun: ọmọ Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì àti ọmọ Áyálándì ni yóò máa dìbò. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi kún un pé ọmọ Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì náà gbọ́dọ̀ ní àṣẹ ìwọ̀lú tí ó tọ́, bí òfin bá ní kí ó gbà á. Ìdí tí wọn kò fi fọwọ́ kàn án pọ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ gba ìbò lọ́wọ́ ọmọ Nàìjíríà gbọ́dọ̀ gbà á lọ́wọ́ ọmọ Ọsirélíà. Ẹni tí ó bá fẹ́ dá ti Áyálándì sí gbọ́dọ̀ sọ ìdí rẹ̀. Láti ìgbà tí ìwádìí tí Community Relations Commission gbé jáde ní 1975 ti sọ pé ìbò àwọn ẹ̀yà kékeré ní ipa ní àwọn ibi tí ìdíje ti le nínú ìdìbò oṣù kẹwàá 1974, kò tún sí ẹgbẹ́ òṣèlú ńlá tí ó yá lára láti bínú sí wọn. Síbẹ̀, àìbìkítà ni ó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n fi ìbò náà sílẹ̀ bí ènìyàn ti ń fi àga bàbá rẹ̀ sílẹ̀ ní ìyẹ̀wù: kò wúlò fún un, kò sì dà á nù.

Ìbò ìbéèrè ti 1975

Ìbò tí a fi ń bi ará ìlú léèrè ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, tí wọn yóò dáhùn bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, ni a ó pè ní ìbò ìbéèrè níhìn-ín. Ọjọ́ 5 oṣù kẹfà 1975 ni gbogbo ilẹ̀ Brítéènì kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀, nígbà ìjọba Harold Wilson. Ìdá 67.2 nínú ọgọ́rùn-ún ní kí Brítéènì dúró nínú Ẹgbẹ́ Ọjà Yúróòpù. Ohun tí ó yẹ fún àkíyèsí ni pé ìṣílọ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí nínú àríyànjiyàn náà. Owó oúnjẹ, iṣẹ́ àti àṣẹ Ilé Aṣòfin ni wọ́n ń jà lé lórí. Enoch Powell, ẹni tí ó sọ ọ̀rọ̀ líle sí àwọn àtìpó aláwọ̀ dúdú ní Birmingham ní 1968, ni ó tún kúrò nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ ní 1974 nítorí ọ̀ràn Yúróòpù. Ọkùnrin kan ṣoṣo ni ó gbé ẹrù méjèèjì, síbẹ̀ kò dì wọ́n pọ̀ mọ́ ara wọn, nítorí pé lójú ará ìlú nígbà náà, àtìpó ń ti Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì wá, òfin ń ti Yúróòpù wá.

Àwọn orílẹ̀-èdè Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì náà ti ń bá Yúróòpù dúnàádúrà. Nàìjíríà ti kọ́kọ́ fọwọ́ sí àdéhùn kan pẹ̀lú Ẹgbẹ́ Ọjà náà ní Èkó ní oṣù keje 1966, èyí tí kò fìdí múlẹ̀ rí. Ní ọjọ́ 28 oṣù kejì 1975, orílẹ̀-èdè 46 ti Áfíríkà, Káríbíánì àti Pàsífíìkì fọwọ́ sí àdéhùn tuntun ní Lomé, olú ìlú Tógò, Nàìjíríà sì jẹ́ òpómúléró láàrin wọn. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹfà 1975, ọjọ́ kejì ìbò ìbéèrè náà, ni wọ́n fọwọ́ sí ìwé tí ó dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀ ní Georgetown. Ọjà wọn rí ọ̀nà wọ Yúróòpù. Ènìyàn wọn kò rí i.

Ọmọ ìlú Yúróòpù, àti ẹjọ́ kan láti Gibraltar

Àdéhùn Róòmù ti 1957 fi ẹ̀tọ́ ìrìn fún òṣìṣẹ́. Àdéhùn Maastricht, tí wọ́n fọwọ́ sí ní 1992, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kọkànlá 1993, sọ òṣìṣẹ́ náà di ọmọ ìlú Yúróòpù. Láti ìgbà náà títí Brítéènì fi jáde, ará Faransé tí ó bá ń gbé Leeds lè dìbò fún ìgbìmọ̀ ìlú Leeds àti fún Ilé Aṣòfin Yúróòpù. Ṣùgbọ́n ìbò tí ó ń gbé ìjọba kalẹ̀ ní orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan kò sí nínú àdéhùn náà. Àwọn orílẹ̀-èdè fi ìyẹn pamọ́ sí àpò ara wọn.

Ẹjọ́ kan fi bí ọ̀rọ̀ náà ti díjú tó hàn. Lẹ́yìn tí ilé ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti Strasbourg ti sọ ní 1999 pé kò tọ́ kí ará Gibraltar má lè dìbò fún Ilé Aṣòfin Yúróòpù, ìjọba Brítéènì fún wọn ní ìbò náà, ó sì fún àwọn ọmọ Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì tí ó ń gbé ibẹ̀ pẹ̀lú. Spéìn pe Brítéènì lẹ́jọ́: báwo ni ẹni tí kì í ṣe ọmọ ìlú Yúróòpù yóò ṣe máa yan aṣòfin Yúróòpù? Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹsàn-án 2006, Ilé Ẹjọ́ Yúróòpù dá Brítéènì láre. Ó ní kò sí ohun tí ó dí orílẹ̀-èdè kan lọ́wọ́ láti fi ìbò náà fún àwọn kan tí wọ́n ní àjọṣe tímọ́tímọ́ pẹ̀lú rẹ̀. Nítorí náà, ọmọ Nàìjíríà tí ó ń gbé Peckham ń yan aṣòfin Yúróòpù, nígbà tí ọmọ Nàìjíríà tí ó ń gbé Róòmù tàbí Berlin ń wò ó láti òkèèrè. Ìjọba Ọba tí ó ti kógbá sílé ni ó fi ọwọ́ rẹ̀ sínú àpótí ìbò Yúróòpù.

Ìwádìí ọdún 2003

Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù karùn-ún 2004, orílẹ̀-èdè mẹ́wàá wọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, mẹ́jọ nínú wọn láti ìlà-oòrùn Yúróòpù. Ìjọba Brítéènì ti bẹ àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé kan, tí Christian Dustmann jẹ́ aṣáájú wọn, ní ọ̀wẹ̀ láti ṣírò iye ènìyàn tí yóò wá. Ìwé wọn jáde ní 2003. Iye tí gbogbo ayé mọ̀ nínú rẹ̀ ni pé láàrin 5,000 sí 13,000 ènìyàn ni yóò kún iye àwọn ará ìlú lọ́dọọdún. Iye yìí ni àwọn olóṣèlú gbé lọ́wọ́, òun náà sì ni àwọn alátakò fi ń gún wọn lójú láti ìgbà náà wá.

Ó yẹ kí a dúró ti ìwé yìí díẹ̀, nítorí pé a máa ń bú u láìkà á. Àwọn tí ó kọ ọ́ kò ní àkọsílẹ̀ ìṣílọ tí ó dára láti Póláńdì tàbí Lituéníà sí Brítéènì, nítorí pé àwọn ìjọba Kọ́múníìsì kì í jẹ́ kí ènìyàn wọn rìn. Ìṣílọ láti àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ní ìgbà àtijọ́ ni wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n, wọ́n sì sọ bẹ́ẹ̀. Iye náà tún dúró lórí àbá pé àwọn orílẹ̀-èdè yòókù, pàápàá Jámánì, yóò ṣí ilẹ̀kùn tiwọn lákòókò kan náà. Jámánì àti Ọ́stríà kò ṣí i títí di oṣù karùn-ún 2011. Brítéènì, Áyálándì àti Swídìn nìkan ni ó ṣí i láti ọjọ́ kìn-ín-ní. Iye náà rìn jáde láti inú ìwé, àbá tí ó gbé e ró kù sílé. Nígbà tí yóò fi di 2011, àwọn tí a bí ní Póláńdì tí ó ń gbé England àti Wales ti di nǹkan bí 579,000, bẹ́ẹ̀ nǹkan bí 58,000 ni wọ́n jẹ́ ní 2001. Àwọn tí a bí ní Nàìjíríà jẹ́ nǹkan bí 191,000 nínú ìkànìyàn kan náà.

Ẹ̀bi wo ni ó yẹ kí a di ru olùwádìí? Kì í ṣe púpọ̀. Ẹni tí ó ra àgbo lọ́wọ́ oníṣègùn tí kò gbọ́ èèwọ̀ rẹ̀ kò lè dá oníṣègùn lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí kò sí nínú iṣẹ́ tí ìjọba gbé fún wọn: kò sí ẹni tí ó béèrè ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ nígbà tí àwọn ènìyàn tí ó pọ̀ bẹ́ẹ̀ bá ń gbé ìlú kan láìní ìbò nínú ìdìbò tí ó ń gbé ìjọba rẹ̀ kalẹ̀. Wọ́n ka òṣìṣẹ́. Wọn kò ka olùdìbò. Olóṣèlú tí ó bá ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún ará Póláńdì ní agbègbè rẹ̀ lè sọ̀rọ̀ wọn bí ó ti wù ú, nítorí pé kò sí ìbò wọn tí yóò pàdánù. Kò lè sọ̀rọ̀ ọmọ Bangladéṣì tàbí ọmọ Nàìjíríà bẹ́ẹ̀ láìfòyà.

Láti 2010 dé 2016

Ìjọba David Cameron ṣe ìlérí ní 2010 pé iye tí àwọn tí ó ń wọlé fi ń ju àwọn tí ó ń jáde lọ yóò wálẹ̀ sí ìsàlẹ̀ 100,000 lọ́dún. Kò ní agbára lórí àwọn ará Yúróòpù. Àwọn tí ó ní agbára lé lórí ni ó fún mọ́. Ní 2012, ó fòpin sí ìwé àṣẹ tí ó ń jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ òkèèrè dúró ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ẹ̀kọ́. Ní oṣù keje ọdún náà, ó ní ọmọ Brítéènì tí ó bá fẹ́ mú ọkọ tàbí aya wá láti ìta Yúróòpù gbọ́dọ̀ máa gba £18,600 lọ́dún. Ará Faransé tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù lè mú aya rẹ̀ ọmọ Nàìjíríà wá láìka iye yìí sí. Ní oṣù kẹfà 2013, ó gbèrò pé kí àwọn àlejò kan láti Nàìjíríà, Ghánà, Índíà, Pakísítánì, Bangladéṣì àti Sri Lanka máa fi £3,000 dógò kí wọ́n tó rí físà gbà. Ariwo pọ̀, ó sì pa èrò náà tì ní oṣù kọkànlá. Ní oṣù karùn-ún 2016, bí oṣù kan ṣáájú ìbò ìbéèrè, iye tí wọ́n kéde fún 2015 jẹ́ 333,000.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti yí padà kúrò ní ti 1975. Àwọn tí ó fẹ́ kí Brítéènì jáde wá bá ọmọ Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí ó dùn létí. Priti Patel, tí ó jẹ́ mínísítà nígbà náà, ní ìlànà tí ó wà kò bá ẹ̀tọ́ mu, nítorí pé ó ń fi ará Yúróòpù ṣáájú ọmọ Índíà àti ti àwọn orílẹ̀-èdè yòókù; bí Brítéènì bá jáde, òṣùwọ̀n kan náà ni wọn yóò fi wọn gbogbo ènìyàn. Ní oṣù kẹfà 2016, Nigel Farage gbé àwòrán ńlá kan jáde, tí ìlà gígùn àwọn tí ogun lé kúrò nílé, tí púpọ̀ wọn kì í ṣe aláwọ̀ funfun, kún inú rẹ̀. Ẹnu kan ń pe ọmọ Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì wọlé. Ẹnu kejì ń fi àwọ̀ rẹ̀ dẹ́rù ba ará ìlú. Àjèjì lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran, ni Yorùbá wí. Ti ọ̀tẹ̀ yìí, àjèjì rí àwòrán náà kedere.

Ìdá 51.9 nínú ọgọ́rùn-ún ní kí Brítéènì jáde. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ìhà méjèèjì jẹ́ ìbò 1,269,501. Àwọn kan ti fi èyí sọ pé ọmọ Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì ni ó mú Brítéènì jáde. Àwọn mìíràn ní àwọn ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dá a dúró. Kò sí èyí tí ó ní ẹsẹ̀ nílẹ̀ nínú méjèèjì. Nínú ìwé orúkọ olùdìbò, àmì wà lára orúkọ ará Yúróòpù tí yóò fi hàn pé kò lè dìbò fún Ilé Aṣòfin. Kò sí àmì kankan lára orúkọ ọmọ Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì, nítorí pé ìbò rẹ̀ pé. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ gan-an ni ó pa á mọ́ kúrò lójú olùwádìí. Bí ènìyàn bá sì wo agbègbè, ìdá 78.6 ní kí wọ́n dúró ní Lambeth, ìdá 72.8 ní Southwark. Ṣùgbọ́n ní Barking àti Dagenham, níbi tí ọmọ Nàìjíríà pọ̀ sí pẹ̀lú, ìdá 62.4 ní kí wọ́n jáde. Iye agbègbè kì í sọ ẹni tí ó di èwo. Bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kí a rò pé èrò kan ni ó wà láàrin àwọn ọmọ Yorùbá tí ó wà níbẹ̀: Kemi Badenoch, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ Yorùbá, tí ó sì lo ìgbà èwe rẹ̀ ní Èkó, fara mọ́ ìjáde, ó sì di olórí ẹgbẹ́ Kọnsáfétífù ní oṣù kọkànlá 2024.

Ìdìbò ìkẹyìn tí Brítéènì ṣe sí Ilé Aṣòfin Yúróòpù, ní ọjọ́ 23 oṣù karùn-ún 2019, tún fi ọ̀rọ̀ náà hàn ní gbangba. Wọ́n dá ọ̀pọ̀ ará Yúróòpù padà ní ibùdó ìbò nítorí pé wọn kò kún ìwé kan tí yóò fi hàn pé wọn kì yóò dìbò nílé. Ọmọ Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì tí ó ti forúkọ sílẹ̀ kò nílò irú ìwé bẹ́ẹ̀. Àwọn tí wọ́n ni Yúróòpù padà sílé. Àwọn tí kì í ṣe ti Yúróòpù dìbò.

Lẹ́yìn ìjáde

Brítéènì jáde ní ọjọ́ 31 oṣù kìn-ín-ní 2020. Ìlànà ìwọ̀lú tuntun bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní 2021, òṣùwọ̀n kan náà sì ni ó fi wọn ará Póláńdì àti ọmọ Nàìjíríà. Ìwé àṣẹ iṣẹ́ lẹ́yìn ẹ̀kọ́ padà dé ní oṣù keje ọdún náà. Àwọn ọ̀dọ́ Nàìjíríà gbọ́, ọ̀rọ̀ ‘jápa’ sì gba ìgboro. Ìjáde tí àwọn kan dìbò fún kí àtìpó má baà pọ̀ sí i ni ó mú iye àwọn tí ó wọlé ju àwọn tí ó jáde lọ kọjá 900,000 ní ọdún kan, ní 2023. Ìjọba sì tún yára ti ilẹ̀kùn: láti oṣù kìn-ín-ní 2024, púpọ̀ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò lè mú aya tàbí ọmọ wá mọ́, láti oṣù kẹta ọdún kan náà, àwọn tí ó ń tọ́jú arúgbó àti aláìlera kò lè mú tiwọn wá pẹ̀lú.

Àpótí ìbò ni kò yí padà. Ní 2008, Lord Goldsmith, tí ìjọba yàn láti yẹ ọ̀rọ̀ ọmọ ìlú wò, dábàá pé kí ìbò fún Ilé Aṣòfin di ti ọmọ ilẹ̀ Brítéènì nìkan ní díẹ̀díẹ̀. Àbá náà bọ́gbọ́n mu lójú òfin, ó sì lè pa àwọn èèyàn tí kò ní ohùn mìíràn lẹ́nu mọ́. Ìjọba kò mú un lò. Àwọn tí ó bá ń kọminú pé ọmọ Nàìjíríà ń dìbò ní Brítéènì yẹ kí wọ́n rántí pé kò ní ibòmíràn tí yóò ti dìbò. Òfin ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti 1999 sọ pé ẹni tí yóò forúkọ sílẹ̀ láti dìbò gbọ́dọ̀ máa gbé Nàìjíríà. Ní oṣù kẹta 2022, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ní Àbújá kọ àtúnṣe tí ìbá fún àwọn tí ó wà lókè òkun láyè. Nígbà tí Nàìjíríà ń yan Ààrẹ ní ọjọ́ 25 oṣù kejì 2023, ọmọ Nàìjíríà tí ó ń gbé Peckham kò ní ipa kankan nínú rẹ̀. Ní ọjọ́ 4 oṣù keje 2024, bí orúkọ rẹ̀ bá wà nínú ìwé, ó lè rìn lọ sí ibùdó ìbò ní àdúgbò rẹ̀, kí ó sì yan ẹni tí yóò lọ sí Ilé Aṣòfin ní Westminster.